Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀, Ẹni Tó Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Dá Ìwádìí Rẹ̀ Dúró

Ẹ̀yin ẹbí àti ará, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ wọn, àti ẹ̀yin tí ẹ fẹsẹ̀ ara yín rìn wọlé lónìí nítorí iṣẹ́ tí Ìyá wa ṣe, àwa ọmọ wọn kí yín kú ìrìn, a sì kí yín kú ọ̀rọ̀ ẹni tó lọ.

Ọdún 1949 ni wọ́n bí Ìyá wa, nínú ilé oníyàrá méjì kan lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin, níbi tí fèrèsé ti máa ń gbọ̀n nígbàkígbà tí ọkọ̀ bá ń kọjá. Oníṣẹ́ páìpù omi ni bàbá wọn, gbogbo àdúgbò sì mọ̀ ọ́n sí Bàbá Páìpù. Ìyá wọn ń fọ aṣọ ibùsùn ní ilé ìwòsàn. Ìran àwọn tó ń fọwọ́ wọn jẹun ni wọ́n ti wá: bàbá tó bí bàbá wọn gbẹ́ kànga, ìyá tó bí ìyá wọn sì gbẹ̀bí. Ọmọ mẹ́rin ni òbí wọn bí. Ìyá wa ni àbíkẹ́yìn.

Ní 1958, ìyá wọn ṣàìsàn ráńpẹ́, ó sì kú. Àkọ́bí ilé, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n Àgbà, tí wọ́n jókòó sí iwájú níbí lónìí, ni wọ́n bọ́ sípò ìyá. Wọ́n fi ilé ìwé sílẹ̀, wọ́n gba iṣẹ́ sí ilé búrẹ́dì, wọ́n sì ń dúró ti ààrò láti ìdájí títí oòrùn á fi mú, kí àbíkẹ́yìn má baà pa ẹ̀kọ́ rẹ̀ tì. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rán Ìyá wa níṣẹ́ nígbà tí ìwé wà lọ́wọ́ wọn, Ẹ̀gbọ́n Àgbà á dáhùn láti inú yàrá: “Ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ. Ọmọ yẹn ń kàwé.”

Ìyá wa wọ ilé ìwé gíga àwọn ọmọbìnrin ní 1962, wọ́n sì wọ yunifásítì láti kọ́ ìṣègùn ní 1969. Kì í ṣe àwọn ni orí wọn pé jù ní kíláàsì, wọ́n sì máa ń sọ ọ́ fúnra wọn. Ìbéèrè ni wọ́n fi ta gbogbo ẹgbẹ́ yọ. Olùkọ́ kan sọ wọ́n ní “Báwo-lẹ-ṣe-mọ̀,” nítorí pé bó bá ti sọ gbólóhùn kan parí, ọwọ́ Ìyá wa á ti wà lókè. Wọ́n gboyè ní 1975, wọ́n sì lọ kọ́ iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara fún ọdún mélòó kan.

Bàbá wa ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán eegun àti iṣan ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn tí Ìyá wa ti ń kọ́ṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, Ìyá wa já wọ yàrá ẹ̀rọ pẹ̀lú àwòrán kan lọ́wọ́, wọ́n ní, “Èyí kò mọ́. Ṣé inú kùrukùru lẹ ti yà á ni?” Bàbá wa dáhùn pé, “Dókítà, aláìsàn yín ló mì. Ẹ̀rọ mi kì í mì.” Àwọn méjèèjì jọ lọ bá aláìsàn náà, ó sì jẹ́wọ́ pé òtútù ń mú òun. Ìyá wa tọrọ àforíjì. Bàbá wa ní àwọn kò gba àforíjì lórí ìdúró, àfi kí wọ́n jókòó mu tíì. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní 1980. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta jíǹkí wọn.

Ní 1983 ni Ìyá wa di àgbà oníṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn náà. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n bu ẹran àti awọ láti ibi tó ti pọ̀, bí itan tàbí ẹ̀yìn, kí wọ́n fi bo ibi tí egbò ti jẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé egbò ẹsẹ̀ àwọn alátọ̀gbẹ kì í gbọ́ ìtọ́jú bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ibẹ̀, ni wọ́n bá lọ bá àwọn oníṣègùn iṣan ẹ̀jẹ̀ da iṣẹ́ pọ̀. Wọ́n máa ń sọ fún aláìsàn pé, “Ọmọ oníṣẹ́ páìpù ni mí. Èèyàn kì í kun ògiri nígbà tí páìpù ṣì dí nínú rẹ̀.” Wọ́ọ̀dù wọn wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ kan tí ara ògiri rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. Nínú àpò aṣọ funfun wọn ni ẹ̀rọ kékeré kan máa ń wà, èyí tí wọ́n fi ń gbọ́ ìró ẹ̀jẹ̀ nínú iṣan. Bí ó bá ti dún fúú-fúú lórí ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, wọ́n á pe àwọn ẹbí aláìsàn kí wọ́n wá gbọ́ ọ.

Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ ọpẹ́ kan ní ìjọ wa, ẹni tó tẹ ìwé ètò kò fi àmì sábẹ́ ọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ, ni àlùfáà bá ké tantan pé, “Kí Ìyá Ẹlẹ́ṣẹ̀ jáde síwájú!” Ìyá wa dìde, wọ́n tún gèlè ṣe, wọ́n ní, “Mo ń bọ̀, sà. Ṣé kí n mú àwọn ọmọ mi dání?” Ó pẹ́ kí ìsìn tó tún lè tẹ̀ síwájú.

A kò fẹ́ fo ohun tó kàn. Ẹ̀gbọ́n Àgbà fúnra wọn ló ní ká kọ ọ́ síbí bó ṣe rí, ká má fi aṣọ bò ó.

Láyé ìgbà náà, bí wọ́n bá ti la ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀, wọ́n á dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó fi ẹran bo egbò. Nínú ìdúró yẹn, egbò àwọn aláìsàn kan á ti ràn dé eegun. Ìyá wa gbèrò pé kí wọ́n ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún rìn lọ sílé. Àwọn oníròyìn rédíò wá. Ọ̀gá ẹ̀ka wọn ti ń sọ̀rọ̀ ilé tuntun tí wọn yóò fi orúkọ Ìyá wa pè. Ṣùgbọ́n ọkàn Ìyá wa kò balẹ̀. Wọ́n ní, “Àwọn tó rìn lọ la rí. Ta ló sọ pé wọn ì bá má rìn ká ní a dúró?”

Bí ìwádìí ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn ní 1996. Aláìsàn tó bá gbà láti kópa, kọ̀ǹpútà ni yóò ṣẹ́ kèké fún un, bóyá ọ̀nà àtijọ́ ni tàbí ọ̀nà tuntun. Dókítà kankan kò lè yàn fún ẹnikẹ́ni. Ìgbìmọ̀ kan tí kò sí lábẹ́ Ìyá wa ló sì ń ṣọ́ àbájáde rẹ̀.

Ní 1998, egbò yọ ní gìgísẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Àgbà. Àtọ̀gbẹ ti wà lára wọn tipẹ́. Ìyá wa fà wọ́n lé dókítà mìíràn lọ́wọ́, torí pé wọn kì í fi abẹ kan ẹbí. Ẹ̀gbọ́n Àgbà gbọ́ nípa ìwádìí náà, wọ́n sì ránṣẹ́ pe àbúrò wọn.

“Fi mí sí ti tuntun. Ṣebí ìwọ lo gbé e kalẹ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, bó bá ṣe pé mo mọ̀ pé ó sàn jù, mi ò ní máa wádìí rẹ̀. Kèké ló ń yàn. Bí ẹ bá sì kọ̀, ìtọ́jú yín ò ní dín kù.”

“Ṣé èmi náà ni o máa ṣẹ́ kèké lé lórí?”

“Bí mo bá yọ yín sọ́tọ̀, kí ni kí n sọ fún ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé tiyín?”

Ẹ̀gbọ́n Àgbà ní, “Mo gbà. Mi ò ní tọ́ ọmọ tán kí n wá sá fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.” Kèké mú ọ̀nà tuntun. Inú wọn dùn débi pé wọ́n ń pa àwọn nọ́ọ̀sì lẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ abẹ náà lọ dáadáa. Ara ẹsẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ̀rọ kékeré náà sì ń dún. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan tí wọ́n là. Ẹsẹ̀ tutù. Àwọn dókítà tún gbé wọn padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n ṣe gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀, kò gbọ́. Ìyá wa gbé ẹ̀rọ wọn lé ẹsẹ̀ náà láti orúnkún dé ọmọ ìka, kò dún. Wọ́n gé ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Àgbà lábẹ́ orúnkún.

Kó tó di ìgbà yẹn, ọ̀nà tuntun ti já àwọn mìíràn kulẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà àtijọ́ náà ń já àwọn kan kulẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé èyí ló burú jù. Ìyá wa bẹ ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n ṣí àbájáde wò kí àsìkò rẹ̀ tó pé. Wọ́n ṣí i. Ẹsẹ̀ tó ń bàjẹ́ ní ọ̀nà tuntun pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye aláìsàn kò tíì tó láti pa àríyànjiyàn tì. Ìgbìmọ̀ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún Ìyá wa láti pinnu.

Ọ̀gá ẹ̀ka pe Ìyá wa sí ọ́fíìsì. Ó ní, “Ó kù díẹ̀ ká parí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ló ń dà yín láàmú.”

Ìyá wa dáhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àwọn yòókù náà sì ní àbúrò.” Ọjọ́ náà ni wọ́n dá ìwádìí dúró.

Bàbá wa sọ fún wa pé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Ìyá wa dé ẹnu ọ̀nà ilé, wọn kò sì jáde nínú mọ́tò. Bàbá wa lọ ṣí ilẹ̀kùn kejì, wọ́n jókòó tì wọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, wọ́n jọ wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá wa lọ dúró níwájú bẹ́ẹ̀dì Ẹ̀gbọ́n Àgbà. Ẹ̀gbọ́n Àgbà bi wọ́n pé, “Ṣé o mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyí?”

“Rárá, mà.”

“Ṣé o máa dá a dúró?”

“Mo ti dá a dúró.”

“Ó dáa. Bu omi fún mi.”

Ìyá wa sọ fún wa pé àwọn kò tíì bu omi tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà, wọ́n lọ sílé gbogbo aláìsàn tí kèké fi sí ọ̀nà tuntun, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti fẹnu ara wọn ṣàlàyé ohun tí ìwádìí fi hàn. Àwọn kan sunkún. Àwọn kan ní kí wọ́n jókòó. Awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀, ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Wọ́n padà lọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò ṣí i. Kò ṣí i rí títí ó fi kú. Ìyá wa kò bínú sí i, wọn kò sì gbà kí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa.

Wọ́n tẹ àbájáde náà jáde ní 1999, wọ́n sì kọ orúkọ tiwọn síwájú. Ilé tuntun di ohun ìgbàgbé. Nígbà tí ipò ọ̀gá ẹ̀ka ṣófo, ẹlòmíràn ni wọ́n fi sí i, kì í ṣe Ìyá wa. Àwọn tí wọ́n jọ ń jẹun tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá tábìlì mìíràn. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé àwọn oníṣẹ́ abẹ kan, ọ̀dọ́bìnrin kan dìde láàárín èrò, ó ní ilé ìwòsàn tòun ti múra láti bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ abẹ náà gan-an, wọn kò sì ní bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ó dúpẹ́, ó sì jókòó.

Fún ọdún kan gbáko, Ìyá wa ń lọ sí ìjọ ṣùgbọ́n wọn kì í kọrin. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ohùn wọn kò dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹgbẹ́ akọrin sì fara dà á tayọ̀tayọ̀. Wọ́n jẹ́ olùkọ́ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi fún àwọn ọ̀dọ́ títí di 2015.

Láti 2001, wọ́n yí ìwádìí wọn sí bí egbò kò ṣe ní yọ rárá. Wọ́n dá ilé ìtọ́jú àtẹ́lẹsẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrá kan tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí tẹ́lẹ̀. Àbájáde ìwádìí yẹn kò mú rédíò wá. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ tí wọ́n ń gé ní ilé ìwòsàn náà dín kù gidigidi. Ní 2004, wọ́n dá Ẹgbẹ́ Olùrìn sílẹ̀ fún àwọn aláìsàn, tí wọ́n jọ ń rìn yí pápá ilé ìwé kan ká ní òwúrọ̀ Sátidé. Ẹ̀gbọ́n Àgbà ni ààrẹ ẹgbẹ́. Wọ́n á wọ ẹsẹ̀ àtọwọ́dá wọn, wọ́n á fi fèrè sẹ́nu, wọ́n á sì máa pariwo pé, “Ẹ yára! Ẹ má wọ́ tẹ̀lé mi bí ẹni tó ń sìnkú!”

Bàbá wa ṣáájú lọ ní 2014. Ìyá wa fẹ̀yìn tì ní 2016, ṣùgbọ́n gbogbo Ọjọ́rú ni wọ́n ń padà lọ sí wọ́ọ̀dù. Wọ́n kọ́ oníṣẹ́ abẹ púpọ̀, òfin kan náà ni wọ́n sì fún gbogbo wọn: “Fọwọ́ kan ẹsẹ̀ kó o tó la ẹnu.” Ní 2023, àìsàn ọkàn mú wọn, wọ́n sì gbà wọ́n sí ilé ìwòsàn. Ní òwúrọ̀ tí wọ́n lọ, wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì fa kọ́tìnnì sẹ́yìn, kí obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì lè rí ìmọ́lẹ̀ hun aṣọ òtútù rẹ̀. Wọ́n ń wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń hun ún títí ojú wọn fi pa dé. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni wọ́n.

Ìyá wa fi ẹ̀gbọ́n wọn sáyé lọ, àti ọmọ mẹ́ta (olùkọ́ ìṣirò, oníṣẹ́ iná mànàmáná, àti ẹni tó ń kọ́ aláìsàn ní ìrìn), ọkọ ọmọ kan, ìyàwó ọmọ méjì, ọmọ-ọmọ mẹ́fà, àti ọmọ àwọn ẹ̀gbọ́n wọn tí gbogbo wọn ń pè wọ́n ní “Màmá Kékeré.” Wọ́n tún fi àwọn tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́ bí a ṣe ń ka ìwé yìí.

A bi Ẹ̀gbọ́n Àgbà bóyá ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n fẹ́ ká fi parí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yẹ kí àgbà jókòó sídìí òkú ẹni tó tọ́ dàgbà. Ohun tí wọ́n sọ rèé:

“Àbúrò mi, ọmọ mi. Nígbà tí ìyá wa kú, èmi ni mo pọ̀n ọ́ kúrò níbi sàréè, o sì sùn lọ lẹ́yìn mi kí a tó délé. Apá mi ò ká a mọ́ báyìí. Kí Ẹni tó lágbára jù mí lọ gbà ọ́ pọ̀n. Sùn.”