Fọ́ọ̀mù Tí Mi Ò Fọwọ́ Sí

Àǹtí Tinúadé, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ètò orí rédíò yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ẹja ni mò ń tà ní Rye Lane ní London níbí, ìyẹn náà ti tó.

Ọmọ mi obìnrin, ẹ jẹ́ ká pè é ní Rahmah, máa ṣe GCSE, ìdánwò àṣejáde wọn níbí, lọ́dún yìí. Ìṣirò ń dà á láàmú, mi ò ní purọ́. Academy ni iléèwé rẹ̀: owó ìjọba ni wọ́n ń ná, àmọ́ kì í ṣe council, ìjọba ìbílẹ̀, ló ń darí wọn. Lóṣù tó kọjá, ọ̀gá iléèwé pe èmi àti bàbá rẹ̀, ó ní ó máa dáa kí Rahmah kúrò níléèwé, kó máa kàwé nílé. Ọkọ mi ń tẹrí ba, ó ń wí pé, "Yes sir, thank you sir." Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn: a kì í bá tíṣà jiyàn.

Lọ́sẹ̀ kejì, fọ́ọ̀mù dé. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwa òbí la fẹ́ mú ọmọ wa kúrò.

Àwa kẹ̀? Wọn ò fẹ́ kí máàkì rẹ̀ ba èsì wọn jẹ́ lójú ìjọba ni! Ọkọ mi ní kí n fọwọ́ sí i, kí n má dójú ti òun. Mo kọ̀. Mo ti ya fọ́tò fọ́ọ̀mù náà pamọ́ de Ofsted, àwọn tó ń yẹ iléèwé wò fún ìjọba.

Ẹ má bi mí bóyá mo ṣe àṣejù. Ẹ bá mi bi àwọn òbí tó ń gbọ́ wa: ta ló ti gba irú fọ́ọ̀mù yìí rí? Kí lẹ kọ síbẹ̀? Ní tèmi, níbi tí wọ́n ní kí n fọwọ́ sí, mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé: "Rahmah ń bọ̀ níléèwé lọ́la."