Kóòdù Aago Mẹ́rin

Èmi, Olúfọlákẹ́ Ọládùnní Dàwódù, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, tí mo ń gbé ní Dópẹmú, ni mo ṣe ìwé yìí. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, orí mi pé. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi kọ ọ́, àfi ẹ̀rí ọkàn mi. Ọlámilékan, ọmọ àbúrò mi, ni kó mú un ṣẹ. Kí ó kà á kí wọ́n tó sin mí, níwájú àwọn ọmọ mi méjèèjì àti Job, ayálégbé tó wà ní yàrá ẹ̀yìn.

1. Ilẹ̀ mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ti Ọládiméjì àti Olúwafúnkẹ́mi ni, ọgbọọgba. Ẹ má jà. Ọdún méje ni bàbá yín fi bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yan odì nítorí ilẹ̀ tí kò tó yàrá kan.

2. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ti Olúwafúnkẹ́mi ni. Ewúrẹ́ mi méjèèjì, ti Ọládiméjì tó máa ń sọ wọ́n lókò ni. Kó wá mọ bí ìtọ́jú ṣe rí.

3. Ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ti Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí ni, ọmọ Job, ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó ní nọ́ọ̀sì lòun fẹ́ ṣe. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ṣe é l'Ágége. Nígbà náà, ọwọ́ mi ló ń kọ́kọ́ kan aláìsàn, bírò á wá tẹ̀ lé e.

4. Ilé Dópẹmú yìí, ti Job àti ọmọ rẹ̀ ni. Ọládiméjì, o ti bi mí títí ìdí tí mi ò fi jẹ́ kí o lé e jáde. O ní bóyá ó ti fún mi ní nǹkan jẹ. Kò fún mi ní nǹkan kan. Ẹ̀bi ló dè mí.

Ẹ rántí pé mo ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Allen Avenue, tó ń bójú tó ìwòsàn àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá ṣàìsàn, ọsibítù á pè wá. Bí a bá fọwọ́ sí i, a ó fún wọn ní nọ́ńbà tí à ń pè ní kóòdù. Láìsí kóòdù, a kì í sanwó, àwọn ọsibítù sì ti mọ̀. Àwa la kọ́ wọn láti máa dúró.

Lọ́jọ́ kejì oṣù Kẹta ọdún 2012, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ọsibítù kan pè mí. Rachael, ìyàwó Job, tó ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ bisikíìtì kan n'Íkẹjà, ń rọbí, ọmọ kò wá, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ. Iléeṣẹ́ rẹ̀ kò tíì fi ìwé orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tí a ó sanwó fún lóṣù tuntun ránṣẹ́. Ti oṣù tó kọjá wà níwájú mi, orúkọ Rachael wà níbẹ̀. Mo rí i. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ti bú mi lọ́sẹ̀ tó ṣáájú pé mo fún ẹnìkan ní kóòdù kí ìwé tuntun tó dé, ẹ̀rù sì ń bà mí. Mo ní kí wọ́n dúró. Wọ́n pè lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní kí wọ́n dúró. Mo jẹ ìrẹsì ọ̀sán mi tán.

Aago mẹ́rin ni ìwé dé, mo sì fún wọn ní kóòdù. Nọ́ọ̀sì tó gbé fóònù kò bú mi. Ó ní kí n má ṣèyọnu mọ́, pé wọ́n ti padà ṣiṣẹ́ abẹ láìdúró dè mí, pé ọmọ yè é, pé láti aago méjì ni ìyá ti kú.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà. Níparí oṣù, ọ̀gá mi yìn mí pé mo tẹ̀ lé òfin, mo sì tún fi ọdún méjì jókòó sórí àga yẹn. Ìgbà tí mo kúrò níbẹ̀ ni mo wá Job kàn, tí mo fún un ní yàrá, tí mi ò sì lè la ẹnu mi. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń gbàdúrà fún mi láràárọ̀. Màmá Aláàánú ló ń pè mí. Kò sí èébú tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ rí.

5. Ìwé ìkọ̀wé aláwọ̀ búlúù tó wà nísàlẹ̀ àpótí mi, ti Job ni. Mo kọ aago tí wọ́n pè sínú rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, àti kóòdù tí ẹnikẹ́ni kò lò.

6. Job, bí o bá kọ ilé náà, kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀ ọ́. Bí o kò bá fẹ́ dárí jì mí, kí pásítọ̀ má fi Bíbélì dí ọ lẹ́nu. Ìwọ ni mo fún láṣẹ láti dá ọjọ́ tí wọn yóò sin mí. Láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ, kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́ ilẹ̀. Bí o bá ní kí wọ́n dúró, kí wọ́n dúró.

Mo fọwọ́ sí i fúnra mi ní Dópẹmú, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025.

O. O. Dàwódù

Àwa tó rí i nígbà tó ń fọwọ́ sí i:
Ọlọ́runníyì Ẹkúndayọ̀, alàgbà ìjọ
Ọlárónkẹ́ Làsísì, aládùúgbò