Òkè Kan Ṣoṣo Ni Mo Rò Pé Ó Wà

Abà Olókùúta,
Ọ̀nà Ìsẹ́yìn.
Oṣù kọkànlá, ọdún 1975.

Jẹ̀lílì ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé dáadáa lo wà? Yàrá tí o gbà sí Iba ńkọ́, ṣé òjò kì í jò bá ọ mọ́? Ọlọ́run tó mú ọ gba ẹnu ọ̀nà yìí jáde lọ́wọ́ òfìfo yóò mú ọ gbabẹ̀ wọlé pẹ̀lú ẹrù ayọ̀. A kò ní fi ọ́ wá ọ̀rọ̀ sọ. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, pàápàá ní àkókò yìí tí o fẹ́ gun òkè. Àmín.

Àwa náà wà. Iṣu ta dáadáa lọ́dún yìí. Ewúrẹ́ dúdú bí méjì, ìyá rẹ sì ti fi ọ̀kan ta ọ́ lọ́rẹ, èyí tí kì í bá àwọn yòókù jẹun, ó ní ìwọ ló jọ.

Ohun tó mú mi kọ̀wé kíákíá ni ọ̀rọ̀ òkè yẹn. Èmi fúnra mi ni mo ka ìwé tí o kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbà tí mo lọ lálẹ́ kò já sí asán. O ní bí ẹ bá ṣe ìdánwò tán ní oṣù kejìlá, ẹgbẹ́ kan ní ilé-ìwé yín yóò rìnrìn-àjò lọ gun òkè, pé ọmọ kan tó ń jẹ́ Ládépọ̀ ló sọ fún ọ pé kálọ. O ní ẹ ó wọkọ̀, ẹ ó sùn nínú àgọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ ó pọn omi dání, ẹ ó máa jí ní ìdájí láti gun òkè náà títí ẹ ó fi dé ténté orí rẹ̀. O kò dárúkọ òkè náà. Èmi náà kò sì wá orúkọ rẹ̀ kiri, torí òkè wo ni ọmọ ènìyàn tún ń wọkọ̀ lọ bá, tó ń sùn nínú àgọ́ nítorí rẹ̀ lásìkò Iléyá, bí kò ṣe òkè Árafà?

Kò sí ohun kan nínú ìwé rẹ tí Alájì Bàṣírù kò tíì sọ fún wa láti ìgbà tí wọ́n ti Mẹ́kà dé: àgọ́, omi, ìdájí, àti ẹsẹ̀ wíwú. A sì ń gbọ́ nínú rédíò pé owó epo pọ̀ lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n ń pín owó Údójì fún àwọn òṣìṣẹ́, nítorí náà kò yà mí lẹ́nu pé wọ́n ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Mẹ́kà. Mo ní wọ́n ti rí ibi gidi ná an sí. Ti Ládépọ̀ nìkan ló rú mi lójú, torí o ní àwọn òbí rẹ̀ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ní Okokomaiko. Mo wá wí fún ìyá rẹ pé ǹjẹ́ o rí ọmọ rẹ, jẹ́jẹ́ báyìí ló ti mú ẹlòmíràn wọ ẹ̀sìn, aṣọ funfun náà sì ti wà lọ́rùn ọmọ náà tẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ ní ṣé Jẹ̀lílì òun yìí, tí kò lè kí ènìyàn méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan? Mo ní òun náà ni, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọni lára.

Mo sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Kí n tó délé, Bàbá Alájì ni gbogbo ènìyàn ń pè mí. Alájì Bàṣírù gbé àpò tí àwọn fi lọ sí Mẹ́kà wá fún ọ, wọ́n ní o kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ládépọ̀, torí gbogbo àgọ́ ibẹ̀ ló jọra. Àwọn ènìyàn sì ń gbé àdúà wá kí o bá wọn gbà á lórí òkè. Ìyá Fáòsíátù ní kí o tọrọ ọmọ fún Fáòsíátù. Sàlàkọ́ ọdẹ ní kí o bá òun bẹ Ọlọ́run nítorí ojú òun tó ń ṣú, ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá òun yìnbọn fún kùkùté. Alájì Bàṣírù alára fà mí sẹ́yìn ilé, wọ́n ní kí o bá àwọn tọrọ àlàáfíà láàárín àwọn ìyàwó àwọn méjèèjì, nígbà tí àwọn wà níbẹ̀ àwọn gbàgbé.

Ní ọjọ́ Àlàmísì ni ìwé rẹ kejì lórí ọ̀rọ̀ òkè náà dé, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tí o ní bí bàbá kò bá buwọ́ lù ú, wọn kò ní mú ọmọ lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ni mo bá gbé e tọ Tíṣà Abọ́lá lọ. Tíṣà kà á, ó wò mí, ó tún kà á. Ó ní Bàbá Jẹ̀lílì, Ìdànrè ni wọ́n kọ síbí o. Mo ní kí ló wà ní Ìdànrè? Ó ní òkè. Mo ní kí ni wọ́n fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Ó ní wọ́n fẹ́ gùn ún. Mo ní bí wọ́n bá gùn ún tán ńkọ́? Ó ní wọn yóò sọ̀ kalẹ̀.

Jẹ̀lílì, mo jókòó sílẹ̀. Òkè wà lẹ́yìn oko wa níbí, ọ̀fẹ́ ni. Ewúrẹ́ nìkan ló ń gùn ún, ìyẹn bí ó bá jẹ iṣu oníṣu tí wọ́n ń lé e. Nítorí náà ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé, ta ló ń lé ọmọ mi? Àwọn baba ńlá wa gun òkè nígbà ogun, kò sì sí ogun ní agbègbè Ọ̀jọ́ tí o wà. Mo délé, mo wí fún ìyá rẹ pé n kò ní buwọ́ lu nǹkan kan, torí ojú wo ni mo fẹ́ fi wo àwọn ará ibí?

Ìyá rẹ wọlé. Ó gbé agolo bisikíìtì tí ó ń kó ìwé rẹ sí jáde, ó ní kí n ka gbogbo wọn fún òun. Mo bẹ̀rẹ̀. Nínú èyí tí o kọ nígbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Iba, o sọ ti títì tuntun tí wọ́n ń là lọ sí Àgbádárìgì, ti igi àgbọn, àti ti àwọn ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ńtì wá tí wọn kò rí ibi já a sí. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, o ní Àwórì tí onílé rẹ ń sọ kì í yé ọ tán, pé bí o bá fẹ́ ra ẹja lọ́wọ́ àwọn Ègùn, ìka lo fi ń júwe. Nínú èyí tó tún tẹ̀ lé e, o ní aláǹgbá kan máa ń wọ yàrá rẹ lọ́sàn-án, pé ó ti ń dá ọ mọ̀. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ ti ní kí n dúró. Ó ní nínú gbogbo ohun tí mo kà yìí, ṣé mo rí orúkọ ènìyàn kan? Mo tún wò wọ́n láti òkè dé ilẹ̀. N kò rí. Aláǹgbá nìkan ni. Ti Ládépọ̀ yìí ni àkọ́kọ́.

Ó ní, Bàbá Jẹ̀lílì, ẹ̀yin ń wo òkè, ẹni tí wọ́n jọ ń lọ ni èmi ń wò.

Mo padà sọ́dọ̀ Tíṣà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n béèrè nínú fọ́ọ̀mù bóyá o ní àìsàn kan lára, mo ní kí ó kọ ìtìjú. Tíṣà ní ìtìjú kì í ṣe àìsàn, mo ní kò tíì ṣe é rí ni. Wọ́n ní ta ni kí àwọn ránṣẹ́ sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, mo ní kí ó kọ ọ́ pé nǹkan kan kò ní ṣẹlẹ̀. Wọ́n tún fẹ́ nọ́ńbà tẹlifóònù. Nọ́ńbà kẹ̀kẹ́ mi ni mo fún wọn, torí òun nìkan ni nọ́ńbà tó wà nílé wa. Lẹ́yìn náà mo buwọ́ lù ú. Ó wà nínú àpò ìwé yìí, má ṣe jẹ́ kí ó rún.

Ó wá ku àdúà àwọn ènìyàn, àdúà kì í sì í ṣe igbá tí à ń dá padà. Mo lọ bá Ààfáà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí fìlà wọn fi já bọ́. Wọ́n ní àdúà arìnrìn-àjò kì í padà lófo, Ọlọ́run tó ń gbọ́ ti Árafà kò dití sí ti Ìdànrè, ṣùgbọ́n kí n lọ sọ òtítọ́ fún àwọn ènìyàn. Mo sọ ọ́, ọmọ mi, ó sì ká mi lára. Alájì Bàṣírù gba àpò wọn padà, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ọ̀rọ̀ ìyàwó àwọn ṣì wà níbẹ̀. Sàlàkọ́ ní bí òkè náà bá ṣáà ti ga, ó tán. Ìyá Fáòsíátù ní ó tilẹ̀ dára bẹ́ẹ̀, Ìdànrè kò jìnnà, àdúà náà yóò tètè dé. Bàbá Alájì Ìdànrè ni wọ́n ń pè mí báyìí, mo sì ń jẹ́ ẹ.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé ténté, bá wọn gba àdúà wọn, kí o má sì fi èyí tó jẹ́ ti Alájì pariwo. Bí Ládépọ̀ bá fẹ́ gba tirẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbà á ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, jẹ́ kó gbà á, òkè náà tóbi. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rẹ̀ nínú yín ni kí ó máa ṣíwájú, kí ẹnì kejì lè máa rí i.

Bí ìjọba bá fún yín lówó oúnjẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa fún páànù ilé ìdáná tí ìjì ká. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ ra bàtà tó nípọn ná. Má fi owó náà sí báńkì, torí o ní ọ̀sán gangan ni wọ́n ń tilẹ̀kùn, ẹni tó bá tilẹ̀kùn mọ́ owó olówó lọ́sàn-án, ó yẹ kí á mọ ohun tó ń ṣe nínú ilé.

Òkúta kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ìwọ àti Ládépọ̀, bí ẹ ṣe gòkè ni ẹ ó ṣe sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ yín kò ní dín. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ tán, mú un wá bá wa jẹ iṣu tuntun.

Mo bi ìyá rẹ pé àdúà wo ni kí n bá òun náà kọ. Ó ní kí n má kọ nǹkan kan. Ó ní láti ọjọ́ tí o ti lọ ni òun ti ń bẹ Ọlọ́run ní gbogbo ìrun àsùbáà pé kí ẹnì kan ṣáà sọ fún ọ pé kálọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jímọ̀ Àkànjí.