Ìjì Tó Ń Jẹ́ Bridget

Akínjídé,

Má kó ibùsùn tí Màmá tẹ́ sí pálọ̀ kúrò, má sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n gbọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n láàárọ̀ pé Bridget ń gba Jacksonville bọ̀ wá sí Georgia níbí. Wọ́n rò pé àbúrò wa tó ń gbé ní Jacksonville ni, ni wọ́n bá gbé ìrẹsì kaná. Nígbà tí mo ṣàlàyé pé orúkọ ìjì ni, wọ́n bi mí bóyá ìjì náà pé ọjọ́ mẹ́jọ kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Mi ò mọ̀ o. Bá mi wò ó lórí fóònù ẹ.

Bí mo ṣe ń wọ bàtà iṣẹ́ ni Bridget tiwa pè. Ó ní omi òkun ti ń wọ àdúgbò àwọn, òun ti wà lọ́nà, òun ń bọ̀ níbí. Màmá ń sùn, mi ò tíì sọ fún wọn.

Tó bá kan ilẹ̀kùn, jẹ́ kí Màmá lọ ṣí i. Àwọn ni wọ́n ti ń retí ẹ̀ látàárọ̀.

Tóyìn