Ẹni Tó Dúró Dè Yín Lẹ́nu Géètì

Bàbá mi àtàtà,

Mi ò mọ̀ bóyá lẹ́tà máa ń dé ibi tí ẹ wà. Pásítọ̀ ní ẹ wà níbi ìsinmi, Màámi sì gbà á gbọ́. Èmi ti ka ìwé tó pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ kò sí ẹnì kankan nínú àwọn tó kọ wọ́n tó dé ibẹ̀ rí. Síbẹ̀ mò ń kọ̀wé sí yín, nítorí pé ohun tó wà lọ́kàn mi yìí, ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún. Ọ̀rọ̀ Bàbá Dúpẹ́ ni.

Ọ̀rẹ́ yín ti ń gbàgbé nǹkan. Ó ti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì wà, lẹ́yìn tí ẹ lọ ló wá burú sí i. Wọ́n wà níbi ìsìnkú yín, àwọn náà bu erùpẹ̀ sínú sàréè, àmọ́ kò pẹ́ tí wọ́n fi tún wá sílé wa tí wọ́n ń béèrè yín. A kọ́kọ́ máa ń sọ òótọ́ fún wọn. Ìgbàkúgbà tí a bá sì ti sọ ọ́, ńṣe ni wọ́n máa ń sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Nígbà tó yá, Màámi ní kí a má sọ ọ́ mọ́, pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló yẹ kí èèyàn ṣọ̀fọ̀ ẹnì kan. Láti ìgbà náà, tí wọ́n bá béèrè, a ó ní ẹ jáde.

Ní Sátidé tó kọjá, wọ́n dé fìlà pupa tí ẹ̀yin méjèèjì jọ ra, wọ́n ní àwọn wá mú yín lọ wo bọ́ọ̀lù l'Óṣogbo. Inú wọn dùn débi pé mi ò lè ní kí wọ́n padà sílé. Mo ní ẹ ò sí nílé, pé èmi ni màá tẹ̀ lé wọn. Nínú ọkọ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó ń lọ wo bọ́ọ̀lù náà ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá onífìlà, ṣé ẹ̀yin lẹ máa ṣọ́lé fún wa lónìí?"

"Tẹ́ ẹ bá fi mí sójú ilé, ẹ ò ní sunkún tẹ́ ẹ bá ń padà bọ̀!"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. A sọ̀ ní Òkè Fíà, a wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwà dé ibi tí àwọn ọlọ́pàá ti dí ọ̀nà, a sì fẹsẹ̀ rin ìyókù láàárín èrò. Mo di ọwọ́ wọn mú bí ẹ ṣe máa ń di tèmi mú, ní ọrùn ọwọ́, kì í ṣe ní ìka. Ta ló kọ́ yín bẹ́ẹ̀? Mi ò bi yín rí.

Ọ̀mì ni wọ́n gbá. Nígbà tí rẹfirí fun fèrè ìparí, gbogbo èèyàn rọ́ lọ sí géètì kan ṣoṣo tí wọ́n ṣí. Obìnrin kan ṣubú níwájú mi, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé e dìde. Nígbà tí mo máa nàró, ọwọ́ Bàbá Dúpẹ́ kò sí lọ́wọ́ mi mọ́.

Mo pè wọ́n títí ohùn mi fi há. Mo bi àwọn ọlọ́kadà, mo bi ọlọ́pàá, kò sẹ́ni tó rí wọn. Ìgbà tí èrò túká tán ni mo tó rí wọn. Wọ́n lóṣòó ti ògiri lẹ́nu géètì gan-an, bí àwọn òṣómàáló ṣe máa ń lóṣòó sẹ́nu ilé ẹni tó ra aṣọ láwìn, tí wọn kò ní dìde àfi tó bá sanwó.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ, sà."

"Bàbá rẹ ò tíì jáde."

Ìgbà yẹn ni mo rántí ohun tí ẹ sọ fún mi: pé nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì ń kiri aṣọ láti abúlé dé abúlé, ẹ ṣàdéhùn pé ẹnì kan nínú yín kò ní dá wọ Iléṣà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣe tán á dúró de èkejì, ojo ì báà máa rọ̀, nítorí ẹni tó bá dá dé, wọ́n á bi í pé níbo ló fi ẹnì kejì rẹ̀ sí. Ẹ fi òwò sílẹ̀, àmọ́ ẹ ò fi àdéhùn yẹn sílẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ Iléṣà kan tó ń kó èrò tó kù ń tẹ hóònù. "Bàbá, ẹ dìde ńlẹ̀ jàre! Àbí ẹ fẹ́ bá wọn ti géètì ni?"

Wọn kò mira. "Tí mo bá dá dé, kí ni màá sọ fún ìyá rẹ?"

Kí ni ẹ̀yin ìbá ṣe? Òótọ́ wà lẹ́nu mi. Mo ro bí wọ́n ṣe máa sunkún lójú àwọn àjèjì wọ̀nyẹn, tí wọ́n á sì gbàgbé kí a tó délé. Mo purọ́. Mo ní ẹ ti jáde tipẹ́, pé ẹ ti wọkọ̀, ẹ ti wà nílé.

Wọ́n dìde. Wọ́n wo ojú mi títí.

"Ó fi mí sílẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n kọjú sí fèrèsé ọkọ̀ títí a fi dé Iléṣà. Mo rò pé wọ́n á gbàgbé ìyẹn náà. Wọ́n ń gbàgbé orúkọ Dúpẹ́ ọmọ wọn, wọ́n gbàgbé ikú yín, àmọ́ wọn kò gbàgbé èyí. Lánàá, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo sì bẹ̀ wọ́n lórúkọ yín.

"Ìwọ kọ́ lo ṣẹ̀ mí. Kó wá bẹ̀ mí fúnra ẹ̀."

Èwo ló tẹ́ yín lọ́rùn, Bàbá mi: kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ti kú, àbí kí wọ́n máa rò pé ẹ já àwọn jù sílẹ̀? Tí mo bá sọ òótọ́ fún wọn báyìí, ṣé ìbínú náà á lọ, àbí ẹkún lásán ni màá fi kún un? Màámi ní kí n fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn.

Bí mo ṣe ń jáde, mo rí àga kan lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ti nù ún mọ́. Dúpẹ́ ní wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí i. Wọ́n ní ibẹ̀ lẹ máa jókòó sí tí ẹ bá wá bẹ̀bẹ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó sì purọ́ mọ́ yín.