Dókítà Oríkèé àti Orúnkún Ìyá Aránṣọ

Ní ọdún 1949, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, ni a bí màmá wa, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Dókítà Oríkèé. Káfíńtà ni bàbá wọn, ọmọ káfíńtà. Ìyá Aránṣọ ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá wọn. A gbọ́ pé ẹsẹ̀ Ìyá Aránṣọ ṣì wà lórí ẹ̀rọ nígbà tí ìrọbí mú wọn, tí wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àwọn àfi bí àwọn bá rán ọrùn aṣọ tó wà lọ́wọ́ àwọn tán. Ọmọ kejì ni màmá wa. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, tó jogún iṣẹ́ bàbá, ló jókòó síwájú yín níbi ìdágbére yìí lónìí.

Ní ilé ìwé gíga, ní 1966, olùkọ́ kan ní kí màmá wa jókòó nítorí wọ́n béèrè ohun tó fà á tí etí fi ń tẹ̀ tí kì í kán. Wọ́n jókòó, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò jókòó. Ó bá wọn dé yunifásítì, ó sì bá wọn wọlé ọkọ ní 1977, nígbà tí wọ́n fẹ́ olùkọ́ ìṣirò kan tó dákẹ́ bí omi àmù. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Ní 1981, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní yàrá ìwádìí ilé ìwòsàn ńlá kan. Eegun rírọ̀ tó wà láàárín oríkèé ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé inú òkùnkùn ni àwọn hóró tíntín inú eegun náà, tí òyìnbó ń pè ní sẹ́ẹ̀lì, ń gbé. Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn dé ibẹ̀, iṣan ìmọ̀lára kò sí níbẹ̀. Ìwúwo ara wa ni ìròyìn tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn jù. Bí ìwúwo bá mọ níwọ̀n, hóró á ránṣẹ́ sínú ara rẹ̀, àwọn àbùdá, ìyẹn jíìnì, tó ń kọ́lé fún eegun á jí. Bí ìnira bá pọ̀ jù, iṣẹ́ mìíràn ni yóò rán: àwọn tó ń kọ́lé á sùn, àwọn tó ń jẹ ilé run á dìde.

Ní 1990, oníṣẹ́ abẹ kan ní ilé ìwòsàn náà la orúnkún Ìyá Aránṣọ tí wíwa ẹ̀rọ ìránṣọ ti bà jẹ́. Oníṣẹ́ abẹ náà béèrè ohun tí òun yóò ṣe sí eegun tí òun gé kúrò. Ìyá Aránṣọ ní, "Ẹ gbé e fún ọmọ mi. Òun ló rán an lọ sí yunifásítì, kó máa bá a ṣiṣẹ́ lọ."

Láti inú rẹ̀ ni màmá wa ti mú àwọn hóró jáde, tí wọ́n sì ń bọ́ wọn nínú àwo gíláàsì. Ẹ̀rọ kan ń tẹ àwọn àwo kan. Wọ́n fi àwọn mìíràn sílẹ̀ kí wọ́n sinmi. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ mìíràn, àwo tó sinmi á máa ránṣẹ́ ìnira bí ẹni tí ẹrù wó lù. Màmá pààrọ̀ oúnjẹ, wọ́n pààrọ̀ àwo, pàbó ló já sí. Lọ́jọ́ kan tí ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n fara ti ògiri, wọ́n sì gbọ́ ọ nínú eegun ara wọn: ògiri ń gbọ̀n. Lífítì tó ń gbé òkú lọ sí mọ́ṣúárì ló ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ọjọ́ tí òkú bá sọ̀ kalẹ̀ ni àwo ń ké.

Wọ́n kó gbogbo àwo kúrò níbẹ̀, àfi ẹyọ kan. Wọn kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ní 1993, Ìyá Aránṣọ dágbére fáyé nínú ilé ìwòsàn yẹn kan náà. Bí wọ́n ti ń gbé òkú jáde ní wọ́ọ̀dù, màmá wa kò tẹ̀lé e. Wọ́n lọ sí yàrá ìwádìí, wọ́n gbé ọwọ́ lé pẹpẹ tí àwo kan ṣoṣo yẹn wà. Pẹpẹ náà mì bí lífítì ti ń gbé òkú Ìyá kọjá. Nígbà tí wọ́n yẹ àwo wò lọ́jọ́ kejì, iṣẹ́ ìnira inú rẹ̀ le ju gbogbo èyí tí wọ́n ti rí rí lọ.

Ẹ̀gbọ́n wọn ti kan àpótí kékeré kan wá láti fi kó àwọn hóró ìyá wọn. Ó ní a kì í sin ìyá ẹni lábọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má bínú, mi ò lè kó wọn fún yín," ni màmá wa wí. Wọ́n wá sọ fún un ohun tí àwo náà ṣe.

"Wọ́n mọ̀, àbí?" ni ẹ̀gbọ́n béèrè.

"Wọn ò mọ nǹkan kan. Pẹpẹ ló mì."

"Pẹpẹ ló mì. Ara ta ló gbọ̀n?"

Ẹ̀gbọ́n gbé àpótí rẹ̀ lọ lófìfo, ọ̀pọ̀ ọdún ni kò fi bá wọn sọ̀rọ̀.

Ní 2006, màmá wa rí ọ̀nà láti dá iṣẹ́ ìnira náà dúró kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn àbùdá. Lábẹ́ ẹrù wíwúwo, àwọn hóró Ìyá Aránṣọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé. Wọ́n ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n. Ó tẹjú mọ́ awò tó ń mú ohun tíntín tóbi, títí.

"Kí ni wọ́n ń ṣe?"

"Iṣẹ́ ni."

"Ó jọ wọ́n," ni ẹ̀gbọ́n wí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì sunkún.

Màmá jẹ́ olùfọkànsìn, wọ́n sì ń kọ́ àwọn àgbà àdúgbò bí a ti ń rìn láìpa orúnkún lára. Àìsàn ráńpẹ́ ló mú wọn lọ lóṣù tó kọjá. Wọ́n ti sọ pé kí a mú eegun orúnkún tiwọn náà fún yàrá ìwádìí. Ẹnu àwa ọmọ kò kò lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn ló dìde.

"Ẹ mú un," ni ó wí. "Ìyá ti dá wà níbẹ̀ pẹ́."

Ọkọ wọn ti ṣáájú. Wọ́n fi ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ púpọ̀ sáyé lọ.

Ẹrù ti kúrò lórí, Màmá. Ẹ sùn ún re o.