Pólíìṣì Inú Kẹ́tùrù

Àlàmísì, lẹ́yìn Mọ̀gàríbì

"Ìyá Ráfíà, ṣé bàtà lẹ fẹ́ kí n máa mu ni?"

Bí Alhaja Sùwébá ṣe pariwo nìyẹn nínú ṣọ́ọ̀bù wa lónìí, níwájú gbogbo kọ́sítọ́mà. Wọ́n da omi gbígbóná sínú kẹ́tùrù alámọ̀ tí wọ́n rà lọ́wọ́ wa, òórùn pólíìṣì bàtà ló ń jáde.

Èmi ni mo fi pólíìṣì pa á lára, tinú-tòde. Tuntun ni kẹ́tùrù náà. Mo rí i lórí fóònù pé owó ńlá ni wọ́n ń ra kẹ́tùrù Ṣáínà tó bá ti gbó. Mo wá sọ fún Mummy pé ọwọ́ ìyá àgbà kan ní Forest Hill ni mo ti rà á. Báyìí ni pọ́n-ùn mẹ́jọ ṣe di ọgọ́rin.

Mummy ò tiẹ̀ wo ojú mi. "Wàláì, Alhaja, ọmọ mi kì í parọ́."

"Ẹ gbóòórùn ẹ̀ náà kẹ̀."

Mummy gbóòórùn ẹ̀. Wọ́n tún búra. Wọ́n sì dá owó padà.

Èmi dúró síbẹ̀, mò ń to ike. Nígbà tí Alhaja lọ, Mummy ní, "Má sunkún, jàre. Ẹnu wọn ló rí bẹ́ẹ̀." Wọ́n rò pé ariwo yẹn ló ń dùn mí.

Ústáàsì wa ní ilé kéú sọ pé ẹni tó bá búra èké lè fi ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta wẹ ẹ̀ṣẹ̀ náà nù. Mummy ò mọ̀ pé èké ni. Èmi ni màá gba ààwẹ̀ náà fún wọn, láti ọ̀la. Tí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún mi, màá ní mo ti jẹun ní school. Irọ́ mìíràn nìyẹn, mo mọ̀.